Sèsé àti Àwọn Irúgbìn Tí A Pa Tì: Ọ̀rọ̀ lórí Ìwádìí àti Pínpín Ìmọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ohun ọ̀gbìn tí àwọn baba ńlá wa jẹ dàgbà, ṣùgbọ́n tí oko àti ọjà òde òní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Kí ni ìtumọ̀ irúgbìn tí a pa tì? Kì í ṣe irúgbìn tí kò wúlò. Irúgbìn tí àwọn ará agbègbè kan mọ̀ dunjú ni, ṣùgbọ́n tí ìwádìí, ìjọba àti ọjà ńlá kò kà sí. Ìrẹsì, àlìkámà àti àgbàdo nìkan ni ó ń pèsè bí ìdajì agbára tí ọmọ aráyé ń rí nínú oúnjẹ tí ó ti ara ewéko wá. Bí ọ̀dá tàbí àrùn bá kọlu ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé púpọ̀ ni ebi yóò wọ̀. Ohun tí a pa tì lónìí lè jẹ́ ohun tí a ó máa wá kiri lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a fi sèsé ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tí mo ń wí ni ẹ̀wà tí ó máa ń gun ọ̀pá iṣu, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Sphenostylis stenocarpa. Òkè ni ó ń so sí, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń ta iṣu kékeré sí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, hóró rẹ̀ ni a ń jẹ. Ní agbègbè Kóńgò, iṣu rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Hóró náà lè funfun, ó lè dúdú, ó sì lè ní àmì tótòtó lára. Bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni èròjà tí ń mú ara dàgbà. Gbòǹgbò rẹ̀ ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, nítorí náà iṣu tí ó bá a gbé oríko kan náà kò pàdánù.

Kí ló dé, nígbà náà, tí a fi pa á tì? Ó máa ń pẹ́ lóko ju ẹ̀wà mìíràn lọ. Ó ń fẹ́ ọ̀pá. Bí a kò bá rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, wákàtí púpọ̀ ni yóò lò lórí iná, owó ìdáná sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá wa ti mọ bí a ti ń rẹ ẹ́ kí olùwádìí kankan tó dé. Ìmọ̀ yẹn, orí àwọn àgbà ni ó wà. Bí wọ́n ti ń papò dà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá wọn lọ.

Ìṣòro kìíní nínú pínpín ìmọ̀ ni orúkọ. Ní ibì kan, ẹ̀wà funfun mìíràn ni wọ́n ń pè ní sèsé. Ní ibòmíràn, sèsé yìí gan-an ni wọ́n ń pè ní òtílì. Bẹ́ẹ̀ sì ni òtílì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, Cajanus cajan, jẹ́ igi kékeré tí ń dá dúró láìgun ọ̀pá. Olùwádìí tí ó bá bèèrè òtílì ní ìlú méjì lè mú irúgbìn méjì bọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí ó bá kọ lẹ́yìn èyí yóò wọ́.

Ìṣòro kejì ni pé ìmọ̀ ń lọ, kì í padà bọ̀. Ẹ wo ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ní 1855, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa bí èso rẹ̀ ti dùn tó. Ní 1972, van der Wel àti Loeve yọ èròjà dídùn inú rẹ̀, thaumatin, ní ilẹ̀ Netherlands. Dídùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000, ó sì di ọjà káàkiri àgbáyé. Mélòó nínú àwọn obìnrin tí ń ta ewé náà ni ó gbọ́? Àdéhùn Nagoya ti 2010, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2014, sọ pé kí àwọn onímọ̀ ìbílẹ̀ pín nínú èrè irú nǹkan báyìí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí.

N kò sọ pé kò sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ibùdó ìwádìí tí a mọ̀ sí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ń tọ́jú hóró sèsé sínú yàrá tútù. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tẹ àlàyé kíkún lórí àbùdá rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, hóró inú yàrá tútù lè hù, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí a ṣe ń sè é.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Èkíní, kí gbogbo hóró tí a bá gbà ní orúkọ ìlú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbìn ín àti sè é. Èkejì, kí a dá àbájáde ìwádìí padà fún àgbẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́, nínú ìwé pẹlẹbẹ àti lórí rédíò. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí àwọn ìyá àgbà yín mọ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùwádìí nílò àgbẹ̀, àgbẹ̀ nílò olùwádìí. Bí a bá jẹ́ kí ẹnì kan dá a ṣe, sèsé yóò di orúkọ inú ìwé lásán.