Ẹ̀kọ́ Kejì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ni mo wá dáhùn: bí ọmọ ẹni bá ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní fásitì, ẹ̀kọ́ wo ni ó yẹ kí ó mú kún un?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè ní ẹ̀kọ́ àgbà kan, kí ó sì yan òmíràn tí ó kéré sí i láti fi tì í lẹ́yìn. Kódà ní MIT, tí gbogbo ayé mọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kì í gba oyè àkọ́kọ́ láìkọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ nínú ìmọ̀ ọmọnìyàn, iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ àwùjọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún márùn-ún ni ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gbà, iṣẹ́ láàbù sì máa ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àyè tí ó ṣẹ́ kù ni ti ẹ̀kọ́ GST àti àwọn iṣẹ́ àṣàyàn díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Special Electives ní Ifẹ̀. Àyè náà kéré, ṣùgbọ́n àyè ni.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń fẹ́ gbọ́: ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, tàbí ìṣàkóso òwò. N kò ní bá wọn jà. Ọmọ tí ó bá fẹ́ dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣírò èrè àti àdánù, kí ó sì tètè lọ kọ́ ọ. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí, ẹ ó sì rò pé ọjà mi ni mo wá polówó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí mi láti ìlú yín níhìn-ín.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tí ń ṣe ọ̀nà gbá páìpù epo tí a rì sábẹ́ ilẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn. Epo tú jáde, iná sì sọ. Ó jó ilé, ó jó ọkọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó lọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tí ó fara káásá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà níjòkòó yìí, n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe èdè ni ó gbá páìpù náà. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni èyí: ibi tí páìpù gbà kọjá máa ń wà nínú àwòrán tí ẹnjiníà yà, báwo ni àwòrán náà yóò ṣe dé etí ẹni tí ó ń wa katapílà, etí onílé tí ó fẹ́ gbẹ́ kànga, àti etí ìyá tí ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà?

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Pátákó tí a kọ "Ewu ń bẹ" sí kò tíì sọ nǹkan kan. Ewu wo? Ejò ni, àbí iná mànàmáná? A ní láti sọ pé epo ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀ yìí, àti pé agbára ni a fi ń tì í lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ìfúnpá yín ga, ó yé yín, nítorí ẹ rí ohun tí ó so mọ́ yín lápá tí ó sì ń fún un. (Ìfúnpá àwọn baba wa, oògùn inú awọ ni, ó wù mí púpọ̀ bí orúkọ náà ṣe rìn láti ọwọ́ oníṣègùn dé ọ̀dọ̀ dókítà.) Ṣùgbọ́n páìpù kò ní apá. Ẹni tí yóò sọ ọ́ yé ìyá alágbàdo ní láti wí pé epo inú rẹ̀ há mọ́ra, pé ó ń wá ọ̀nà àtijáde, pé ihò kékeré kan ti tó o; àti pé òórùn epo tí imú ń gbọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ lè gbaná láti ibi ààrò tí ó jìnnà. Onímọ̀ èdè tí kò mọ ìṣe epo nínú páìpù kò lè kọ gbólóhùn náà. Ẹnjiníà tí kò fetí sí bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀ kò lè kọ ọ́ pẹ̀lú. Inú orí kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ìmọ̀ méjèèjì ti pàdé.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ láàárín wa mú èdè Yorùbá. Ìdí mìíràn wà fún àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ohùn ni ó yà wọ́n. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gbójú fo bí ohùn ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Èyí tí yóò gbọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ wọn ohùn. Onídùndún ti mọ èyí tipẹ́, òun tí ń fún ọṣán ìyáàlù tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Túndé Adégbọlà, tí ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ni ó dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ Yorùbá. Ní Ifẹ̀, Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe fi ẹnu sọ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé èdè yìí lè gbé sáyẹ́ǹsì, kí ó rántí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì; àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá sọ́dọ̀ wa nítorí máàkì. Ọdọọdún ni mo ń rí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó rò pé Yorùbá kò lè le, ó ṣe tán ìyá òun ń sọ ọ́ nílé. Tí a bá dé orí àmì ohùn, a kì í rí i mọ́. Ẹni tí àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá sì gbà á láyè láti forúkọ sílẹ̀, kí ó wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì; a kì í lé ẹni tí ó fẹ́ gbọ́. Tí ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kí ó mú ìwé kékeré dání. Ọ̀pọ̀ èdè-ìperí wa wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ń jó irin, fásitì kò tíì kọ wọ́n sílẹ̀.

Ní báyìí, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé jáde, kí olúkúlùkù kọ ọ̀rọ̀ pátákó páìpù náà bí ó ti yé e. A ó kà á sí etí àwọn ìyá wa tí ó jókòó sọ́wọ́ òsì yìí. Bí kò bá yé wọn, a ó tún un kọ.