Ìwé Owó Kan Ṣoṣo Fún Gbogbo Ẹgbẹ́
Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti ẹ̀yáwó tí a kò san. Ọ̀rọ̀ ìwé owó ẹgbẹ́ ni: ibi tí ó ń gbé, àti ẹni tí ó lè ṣí i.

Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 1935, lẹ́jà tí a fi ọwọ́ kọ ni ẹgbẹ́ ń lò. Ó tóbi, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni. Iye tí akápò bá kọ sínú rẹ̀ ni akọ̀wé yóò bá níbẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ mìíràn ní kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́jà sì ti di méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú. Akápò ṣe iṣẹ́ lórí tirẹ̀, ó dà á sórí fíláàṣì, ó fún akọ̀wé. Akọ̀wé tún tirẹ̀ ṣe, kò sì dá a padà. Bí àwa alábẹ̀wò bá dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ wa ni pé: nínú méjèèjì, èwo ni ìwé ẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìyá kan ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ti fi ₦210,000 pamọ́ sínú ẹgbẹ́. Ó tún san ₦30,000, ó di ₦240,000. Akápò ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n fíláàṣì kò tíì dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Òfin ẹgbẹ́ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ yá ìlọ́po méjì owó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ wo ìwé akọ̀wé, wọ́n ní ₦420,000 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ ₦480,000. Kò sí ẹni tí ó jalè níbẹ̀. Síbẹ̀, ìyá náà yóò rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni, ₦60,000 sì lè tó láti tú ẹgbẹ́ ká.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ fi ìwé owó sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa so fódà náà mọ́ ara wọn. Ó dà bí yàrá kan tí ó ní ìlẹ̀kùn mẹ́ta. Ibi tí ẹnikẹ́ni bá gbà wọlé, àpótí kan náà ni yóò bá nínú rẹ̀. A kò da ìwé náà kọ, òun gan-an ni a ń wò láti òkèèrè. Ẹ má sì bẹ̀rù owó dátà. Rúútà tàbí wáyà tí ó so àwọn ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì pọ̀ ti tó, bí kò tilẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lórí kọ̀ǹpútà tí ìwé wà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fódà náà, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ sì yan Sharing. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó lè wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ bá fún ní Read, kíkà nìkan ni tirẹ̀. Ẹni tí ẹ bá fún ní Read/Write lè kọ, ó sì lè pa rẹ́.

Lórí kọ̀ǹpútà kejì tí ó ń lo Windows, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ This PC, kí ẹ wá Map network drive. Ẹ yan lẹ́tà kan, bíi Z, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀rọ àti ti fódà báyìí: \\AKAPO\IWEOWO. Bí ẹ bá fi àmì sí Reconnect at sign-in, yóò máa padà wá fúnra rẹ̀ ní àràárọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń lo Ubuntu yóò ṣí Files, yóò kọ smb://akapo/iweowo, yóò sì tẹ Connect. Bí ó bá béèrè, ẹ yan Registered User, ẹ má yan Anonymous. Èdè kan náà ni Windows àti Ubuntu ń bá ara wọn sọ nípa rẹ̀. Andrew Tridgell, ọmọ Australia, ni ó bẹ̀rẹ̀ Samba ní 1992, èyí tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti Windows gbọ́ èdè náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun márùn-ún wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, ẹni tí ó ń kọ kò gbọdọ̀ pọ̀. Akápò ni kí ó máa kọ. Kí akọ̀wé, alága àti alábẹ̀wò máa kà. Ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Bí gbogbo yín bá ń lo ọ̀kan, a kò ní mọ ẹni tí ó yí iye padà.

Èkejì, bí akápò bá ti ṣí ìwé náà, ẹ̀rọ lè sọ fún ẹlòmíràn pé ó wà lọ́wọ́ ẹnìkan, pé kíkà nìkan ni ó lè ṣe. Ẹ má torí èyí fi orúkọ tuntun pa á mọ́. Àìsàn lẹ́jà méjì náà ni ó tún padà dé yẹn.

Ẹ̀kẹta, pípín kì í ṣe ìpamọ́. Fáìlì tí a bá pa rẹ́ láti orí Z kì í lọ sínú Recycle Bin bíi ti orí ẹ̀rọ wa. Ẹ máa da ìwé owó kọ sórí ohun ìpamọ́ mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má sì sùn sí ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Lóṣooṣù, ẹ ṣí i wò bóyá ó ṣeé kà.

Ẹ̀kẹrin, iná. Bí kọ̀ǹpútà tí ìwé wà bá kú, ìlẹ̀kùn gbogbo ti tì nìyẹn, ohun tí a kò tíì fi pamọ́ sì lè sọnù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ dára, tàbí èyí tí ínfátà gbé, ni kí ẹ fi ìwé sí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yìí sí ìgboro. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọ́fíìsì ní Ìkòròdú àti ẹ̀ka ní Ẹ̀pẹ́ lè fẹ́ kí wọ́n máa wo ìwé kan náà láti ìlú méjèèjì. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí à ń pè ní VPN ni kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá yín là, ẹ má ṣí rúútà yín sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní 12 May 2017, kòkòrò ẹ̀rọ WannaCry gba ihò tí ó wà nínú irú ìpínlò àtijọ́ yìí wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba pàápàá. Bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti March ọdún náà. Ẹni tí kò gba àtúnṣe ni ó jìyà jù. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti 2023 náà sì wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi síta.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ti akápò lọ, nítorí owó yín ni. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ẹ̀rọ wo ni ìwé owó wa wà? Ta ni ó lè kọ sínú rẹ̀? Níbo ni ẹ̀dà ìpamọ́ wà? Bí ìgbìmọ̀ bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkólòlò, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fún wọn ní gbèdéke, kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Bí àwa alábẹ̀wò bá dé, àwa náà yóò béèrè.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.