Fáyólìn Àkọ́kọ́ fún Ọmọ: Kí A Rà Á Ni, tàbí Kí A Háyà Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú ìlú wa)



Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun èlò olókùn jẹ́ àjèjì sí wa. Gòjé ti ń kọrin nínú sákárà láti ọjọ́ pípẹ́. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá, ni ó sì kọ African Suite fún àwọn olóhun-èlò olókùn ní 1944. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni ọ̀nà tí a óò gbà fi fáyólìn lé ọmọ lọ́wọ́ láìfi owó ṣòfò.

Fáyólìn kò dàbí dùùrù tí bàbá àti ọmọ lè jọ lò. Ìwọ̀n-ìwọ̀n ni a ń ṣe é, láti 1/16 títí dé 1/4, 1/2, 3/4 àti odindi. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 5 lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó lo odindi ní nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12. Òbí tí ó bá ra odindi fún ọmọ kékeré pé yóò dàgbà bá a, apá ọmọ náà ni ó ń fi ìyà jẹ.

Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, ó sàn kí ẹ háyà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: ta ni yóò sanwó bí ó bá fọ́? Ǹjẹ́ a lè pààrọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ láìsan owó mìíràn? Ǹjẹ́ wọn yóò yọ lára owó háyà bí a bá fẹ́ rà á níkẹyìn?

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ó pọ̀ jù ní ẹ̀dínwó. Bí èèkàn rẹ̀ bá ń yọ̀, tí okùn rẹ̀ sì ga jù, ìka yóò máa dun ọmọ, ohùn kò ní dúró. Ọmọ náà yóò rò pé òun ni kò ní ẹ̀bùn, yóò sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ó bá tó odindi, ẹ rà á. Ní Ìlú Ọba, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó ń kọ́ orin níbẹ̀ lè rà á nípasẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láìsan owó-orí ọjà tí í ṣe 20 nínú 100.

Nílé níhìn-ín, ibi tí a ti lè háyà ṣọ̀wọ́n. Àbá mi nìyí: kí Ẹgbẹ́ wa ní fáyólìn mẹ́fà, méjì-méjì ní 1/4, 1/2 àti 3/4, kí a máa yá àwọn ọmọ lówó kékeré tí a óò fi ra okùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, èyí tí ọmọ yín ti dàgbà jù, ẹ má fi sábẹ́ ibùsùn. Ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Kí a yan olùtọ́jú kan tí yóò pa wọ́n mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọyẹ́ àti oòrùn, nítorí gúlúù tí ó so igi wọn pọ̀ a máa ṣí.

Bí a bá ṣe èyí, ọmọ aláìní pẹ̀lú yóò lè dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.