Ẹ̀rọ Ìjórin Olówó Pọ́ọ́kú fún Ilé Àgbẹ̀: Èwo Ni Kí A Rà?

(Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ìletò bá àwọn ẹbí àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé)

  Mo mọ̀ pé oko ń dúró dè yín, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí n bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin pọ̀. Wọ́n fẹ́ máa jó ẹsẹ̀ bárò, ilẹ̀kùn irin, àgò adìẹ àti férémù ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá fúnra wọn. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí bárò rẹ̀ bá kán nígbà ìkórè mọ ohun tí ó ń ná ni: owó ọkọ̀ dé ìlú, ọjọ́ kan gbáko tó ṣòfò, àti owó wẹ́dà.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èyí tí ẹ ó rà, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àgbẹ̀ kan wá bá mi pé òun fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìjórin. Èmi ni mo bá a fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀rọ ńlá ló rà, nítorí ẹni tó tà á fún un ní ńlá ló dára. N kò bi í pé, “Iná wo ni yóò máa lò?” Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó fi ń fa omi ló so ó mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wáyà inú jẹnẹrétọ̀ náà jóná. Omi kò sí mọ́, ẹ̀rọ ìjórin wà lábẹ́ ibùsùn, gbèsè sì wà lọ́rùn. Gàrí ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi san gbèsè náà, ó sì lé ní ọdún kan kí wọ́n tó san án tán. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ń kí mi nígbà gbogbo tí a bá pàdé. Ìkíni yẹn ló lé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà láti lọ kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èkíní, ẹ ka iṣẹ́ yín. Ìgbà mélòó lẹ gbé irin lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní ọdún tó kọjá? Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ẹ má ra ẹ̀rọ rárá. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá owó jọ, kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀, kí àdéhùn sì wà nínú ìwé. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ ní í di ìjà.

Èkejì, ẹ mọ oríṣi tó wà. Méjì ni owó wa lè ká. Àkọ́kọ́ ni àpótí irin wúwo tí wọ́n wé wáyà sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ìgboro ti ń lò tipẹ́. Ó lágbára, eruku kì í tètè bà á jẹ́, oníṣẹ́ iná ìlú sì lè tún un wé bí ó bá jóná. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ bèèrè bóyá wáyà bàbà ni wọ́n wé sínú rẹ̀ tàbí alumíníọ̀mù. Bàbà ló ń pẹ́ jù. Ìkejì ni ínfátà kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Iná díẹ̀ ló ń jẹ, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé eruku, lẹ́búlẹ́bú irin àti ọ̀rinrin ń pa á, kì í sì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ iná ló lè tún un ṣe. Fún iṣẹ́ ilé, ínfátà ni èmi yóò mú, bí ẹ bá lè tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ra agbára tí ẹ kò ní í lò. Irin ilé wa kò nípọn ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ. Ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 12, ìyẹn mílímítà 2.5, ló bá a mu, kò sì ju bí 60 sí 90 áńpù lọ tó ń fẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó lè mú 120 sí 160 áńpù jáde ní tòótọ́ ti tó. Mo ní “ní tòótọ́” nítorí pé àwọn kan ń kọ 300 sára ohun tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹ wo pátákó kékeré ara rẹ̀. Bí ó bá kọ 60% sí ẹ̀gbẹ́ 120 áńpù, ó túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú 10, ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ fún 6, kí ó sì sinmi fún 4.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tí kò tó 1 KVA, tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”, kò lè gbé ẹ̀rọ ìjórin. Fún ínfátà àti géèjì 12, ẹ fọkàn sí bí 5 KVA. Àpótí oníwáyà ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà tí ẹ fi fa iná bá tín-ín-rín tó sì gùn, yóò gbóná, ẹ̀rọ kò sì ní í lágbára.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mú irin yín dání lọ sọ́jà. Kí òǹtajà tan ẹ̀rọ, kí ó jó irin náà lójú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó sanwó. Bí owó yín bá jẹ́ náírà mẹ́wàá, ẹ yọ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìbòjú, ìbọ̀wọ́ awọ, ẹlẹ́kítíróòdù àti òòlù tí a fi ń gbá ìdàrọ́ kúrò.

Ọkọ́ àti àdá ńkọ́? Irin wọn le. Bí a bá jó o lásán, yóò sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí a jó. Ẹ gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Ẹ̀yin òbí, ojú lọba ara. Gíláàsì òòrùn kò tó. Ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11 ni kí ẹ lò. Ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà. Ẹni tó bá wo iná náà lè má mọ nǹkan kan lára títí di òru, kí ojú tó máa ta á bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ má kán ohunkóhun sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Ẹ jó irin ní ìta, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín kúrò lójú yín. Èéfín irin tí wọ́n fi síńkì bò ń fa ibà. Ẹ má ṣe jó irin lórí ilẹ̀ tútù, ẹ má sì ṣe é nítòsí koríko gbígbẹ tàbí abà. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan dúróòmù tó ti gba epo bẹntiróòlù rí, bí ó tilẹ̀ dà bí òfìfo: òórùn epo inú rẹ̀ lè bú gbàù, kí ó sì pa ènìyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ, kí ó wá bá mi ní ọ́fíìsì kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì mú ìyàwó rẹ̀ dání. Ìbéèrè tí n kò bi ọkùnrin yẹn ni n ó kọ́kọ́ bi yín.