Ẹ Ní Kí Wọ́n Kọ Ọ́ Sílẹ̀
Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa, ọ̀gá le. Ó tún yí iṣẹ́ yín padà láìbi yín léèrè. Ṣé kí ẹ bínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí ni? Owó ilé ńkọ́? Owó iléèwé ọmọ ńkọ́? Ẹ ní sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹ fọ̀wọ̀ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.” Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé sọ àyípadà àdéhùn fún akọ̀wé àti lébìrà. Kí ni iṣẹ́ tuntun yìí gan-an? Ta ni ẹ ó máa jábọ̀ fún? Ẹ bèèrè. Ẹnu lè sẹ́. Ìwé kì í sẹ́.