Ìrìn-àjò sí Ilẹ̀ Mímọ́: Kí Ni Ojú Wa Rí Lọ́hùn-ún?

   

Ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò la mú wá lónìí. Lọ́dọọdún ni àwọn ará wa ní Ọ̀tà níbí ń lọ sí Mẹ́kà, àwọn kan fún Háájì, àwọn kan fún Ùmúrà, pàápàá nínú oṣù Ràmàdáànì yìí. Nínú gbogbo ilẹ̀ Éṣíà, Sáúdì Arébíà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa fẹsẹ̀ tẹ̀ láyé. Nígbà tí wọ́n bá dé, a máa ń bá wọn yọ̀. A ó mu omi Sámúsámù, a ó jẹ dàbínù, wọ́n á sì pín tẹ̀sùbáà àti fìlà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé bá béèrè pé, "Màmá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?", ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń pọ̀ jù. Owó ńlá la ná, ìtàn kékeré la mú bọ̀.

Ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí Àlùkùránì pè wá pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á wo àtubọ̀tán àwọn tó ṣáájú wa. Ẹ wo súrà Ar-Rūm, áyà 9. Wíwò tí Ọlọ́hun ní kí á wò kì í ṣe ti ojú lásán, ti ọkàn ni.

Ẹ jẹ́ kí á mú òkè Uhudu ní Mẹ̀dínà. Ibẹ̀ ni ogun ti wáyé ní ọdún kẹta Hijira, èyí tí í ṣe 625. Ànábì fi tafàtafà 50 sórí òkè kékeré kan, ó fi Abdullah ọmọ Jubayr ṣe olórí wọn, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé yálà àwọn borí ni o, yálà wọ́n borí àwọn ni o, wọn ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í sá, tí ìkógun wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú tafàtafà wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀ lọ kó ọrọ̀. Ni Khalid ọmọ Walid, tí kò tíì gba Islam nígbà náà, bá kó ẹlẹ́ṣin gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Nǹkan bíi 70 Mùsùlùmí ló kú lọ́jọ́ náà. Hamza, àbúrò bàbá Ànábì, wà nínú wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì ti ń já wa sílẹ̀. Kí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe? A ó yà sọ́dọ̀ àwọn tó pàtẹ dàbínù, òrùka àti aṣọ. Ìwọ̀nba àkókò tí wọ́n fún wa á sì tán sídìí ìnájà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ rò ó wò! Ibi tí àwọn kan ti fi àṣẹ sílẹ̀ nítorí ọrọ̀ ni àwa náà ti ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí ọjà. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má rajà o, Ọlọ́hun ò ka òwò léèwọ̀ fún alálàájì. Àmọ́ dàbínù wà ní ọjà Sàngó. Òkè Uhudu kò sí ní Sàngó.

Ẹni tó bá sì dúró wo òkè kékeré yẹn dáadáa, á mú nǹkan bọ̀ wálé. Mẹ́gáàdì tó fi géètì sílẹ̀ lóru, òṣìṣẹ́ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ nítorí pé ọ̀gá ò sí nítòsí, ọ̀rọ̀ Uhudu ń bá wọn wí. Ibi tí wọ́n bá fi ọ́ sí, dúró síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Khandaq, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò láti fi dáàbò bo ara wọn ní 627. Salman, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Àlejò ni, wọ́n sì gba ọgbọ́n rẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní Ọ̀tà, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn kọ́gbọ́n.

Àwọn kan tún wà tí àṣìṣe tiwọn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á máa fọwọ́ pa ògiri, wọ́n á máa bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, pé oògùn ni. Rárá o! Nígbà tí Umar ń fẹnu kan òkúta dúdú ara Kábà, ó sọ ọ́ gbangba pé òkúta ni, kò lè ṣoore, kò lè ṣèkà, nítorí pé òun rí Ànábì tó ṣe é ni òun ṣe ń ṣe é. Ọlọ́hun là ń sìn, a kì í sin ibi àbẹ̀wò. Mọ́sálásí Quba, tí wọ́n kọ́ ní 622, ní ẹ̀san tirẹ̀: ẹni tó ṣe àlùwàlá láti ilé, tó lọ kírun níbẹ̀, ẹ̀san Ùmúrà ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gígun òkè Hira kò sí lára Háájì. Àgbà tí orúnkún ń dùn, ẹ dúró nísàlẹ̀, kí ẹ rántí pé òkè yẹn ni ìsọ̀kalẹ̀ Àlùkùránì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní òkè Mẹ̀dínà lọ́hùn-ún ni Al-Hijr wà, ilẹ̀ àwọn Thamud, ìjọ Ànábì Sālih. Ibojì ńlá 111 tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ló wà níbẹ̀, UNESCO sì fi ibẹ̀ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo àgbáyé ní 2008. Nígbà tí Ànábì ń kọjá níbẹ̀ lọ sí Tabuk, ó ní kí wọ́n má wọ ibẹ̀ àfi pẹ̀lú ẹkún. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, kó má sọ ọ́ di ibi ẹ̀rín àti fọ́tò yíyà.

Ẹ̀yin tí owó ọkọ̀ kò tíì sí, ẹ má ro ara yín pin. Ní Èkó tó sún mọ́ wa yìí ni Mọ́sálásí Shitta-Bey wà, tí Mohammed Shitta kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ló fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Ní Ọ̀tà níbí náà, ẹ jókòó ti àwọn bàbá àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ mọ́sálásí àdúgbò yín, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí Álùfáà ka ìtàn àwọn ibẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣàdúà fún àwọn tó kú síbẹ̀, kí ẹ tó bojú wo ọjà. Bí ẹ bá padà, ẹ pe àwọn ọmọ jọ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sọ fún wọn. Tẹ̀sùbáà á já, fìlà á gbó, ìtàn tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀ kì í gbó.

Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, kó mú àwọn arìnrìn-àjò wa lọ láyọ̀, kó mú wọn bọ̀ láyọ̀. Ẹni tí kò tíì dé Mẹ́kà, kí Ọlọ́hun pè é. Àmín.