Ohun Tí A Ó Fi Kun Ilẹ̀ Onípákó

(Ọ̀rọ̀ tí káfíńtà kan láti Port Harcourt bá ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé)

 

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fi pákó tẹ́ ilẹ̀ yàrá wọn, níhìn-ín tàbí nílé, wọ́n sì ń bèèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi kùn ún. Àṣìṣe tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ, kí ó má baà di tiyín.

Diobu ní Port Harcourt ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Òjò ibẹ̀ ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún. Ti Kano kò tó 1,000. Nígbà kan, oníbàárà kan ní Òkè Ọya bẹ̀ mí pé kí n wá fi ìrókò tẹ́ pálọ̀ òun. Àárín òjò ni mo ra igi náà. Kò tíì gbẹ. Mo kó o dé, mo tẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ kan náà, mo sì fi fáníìṣì tí ń dán bí dígí kùn ún. Gbogbo ènìyàn ni ó yìn mí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, pákó súnkì, àlàfo sì là láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí owó ẹyọ lè bọ́ sí i. Fáníìṣì ya létí pákó kọ̀ọ̀kan. Owó ọkùnrin náà ṣòfò, èmi náà sì fi oṣù kan tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kò sí ohun tí a lè fi kun igi tútù tí kò ní súnkì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ to pákó yín sínú yàrá tí ẹ ó tẹ́ ẹ sí, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Ẹ sàmì sí pákó kan, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dínkù mọ́, ó tó iṣẹ́ ṣe. Sùúrù ni baba ìwà.

Ohun mẹ́ta ni a lè fi kùn ún. Èkínní ni òróró tí ń gbẹ, bí òróró linseed, tí a ń fún láti inú hóró ọ̀gbọ̀. Inú igi ni ó ń wọ̀. Kì í dán púpọ̀, a sì ní láti máa fi kún un lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ha, ibẹ̀ nìkan ni a ó tún pa. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà dípò rẹ̀. Wọn kì í gbẹ, erùpẹ̀ ni wọn yóò máa kó jọ. Ẹ sì ṣọ́ra: àkísà tí a fi linseed pa igi lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Èkejì ni ìda. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, omi sì máa ń fi àbàwọ́n funfun sí i lára. Ilé tí arúgbó wà kò yẹ fún un.

Ẹ̀kẹta ni fáníìṣì, pàápàá èyí tí à ń pè ní polyurethane. Orí igi ni ó dúró sí bí awọ, ó sì le sí omi. Èyí tí a fi òróró ṣe máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń rùn, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tí a fi omi ṣe kì í pọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fáníìṣì bá bó, ó di dandan kí a fi sáǹpépà ha gbogbo yàrá.

Èwo ni kí ẹ mú? Ní Port Harcourt, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀, fáníìṣì ni mo sábà ń lò. Níhìn-ín, yanrìn ọyẹ́ tí ẹsẹ̀ ń gbé wọlé dà bí sáǹpépà, igi sì ń súnkì, ó tún ń wú. Fún pálọ̀ àti yàrá, òróró ni mo fara mọ́, nítorí ẹ lè tún un ṣe fúnra yín. Ibi tí omi ń dà sí nìkan ni kí ẹ fi fáníìṣì sí.

Bí ó bá jẹ́ ìrókò, òróró inú igi náà kì í jẹ́ kí fáníìṣì tètè gbẹ. Ẹ fi àkísà tí ó ní tínà nù ún kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ sì dán an wò lórí pákó kan ná. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe lọ́jọ́ tí erùpẹ̀ ń fẹ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ kán omi sí ilẹ̀ náà. Bí ó bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ṣì dára. Bí igi bá fà á mu, àkókò àtúnkùn ti tó.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó náwó sí ohun tí ń dán, ẹ náwó sí igi tí ó gbẹ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a kọ́lé, kí a sì gbé inú rẹ̀ pẹ́.